Orí Ìtàgé Ni Iná Sípọ́tì Ti Wá: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Darí Ìmọ́lẹ̀ Nínú Àwòrán 3D

Ẹni tó bá ṣí sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, ìbáà jẹ́ Blender, Maya, 3ds Max tàbí Unreal Engine, tó sì fẹ́ tan iná sí ohun tó mọ síbẹ̀, oríṣi iná mélòó kan ni yóò bá níbẹ̀. Èyí tó dúró fún oòrùn kì í béèrè ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ àti bó ṣe lágbára tó. Èyí tó dà bí gílóòbù tí wọ́n so kọ́ sí àárín yàrá kò béèrè púpọ̀ ju ibi tó wà lọ. Ṣùgbọ́n tó bá yan iná sípọ́tì, iṣẹ́ dé: ibi tí iná kọjú sí, bí òkòtó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí etí òkòtó náà ṣe rọ̀ tàbí ṣe mú tó, bí agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù bó ti ń jìnnà, bí òjìji rẹ̀ ṣe máa rí. Ó yẹ kí èyí jọ èèyàn lójú, nítorí nínú gbogbo àwọn iná wọ̀nyí, sípọ́tì ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹlẹgbẹ́ nínú ìṣẹ̀dá. Oòrùn wà, iná igi wà, ojú ọ̀run tó ń mọ́lẹ̀ kárí wà. Àfi kí oòrùn gba ihò kékeré wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn ni èèyàn fi lè rí ohun tó jọ ọ́. Ohun tí mo gbà pé ìtàn rẹ̀ fi hàn ni pé kì í ṣe inú ìmọ̀ físíìsì ni wọ́n ti mú iná yìí wọ kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ àwọn tó ń tan iná lórí ìtàgé àti nínú sítúdíò fọ́tò ni wọ́n ti gbà á, gbogbo àtúnṣe tó sì ní ló wà láti darí ojú òǹwòran. Físíìsì dé lẹ́yìn, ó tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n kò gba ìdarí lọ́wọ́ oníṣẹ́, kò sì yẹ kó gbà á.

Lórí ìtàgé, iṣẹ́ iná ju kí èèyàn ríran lọ. Bí òṣèré mẹ́wàá bá wà lórí pèpéle, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń sọ̀rọ̀, iná ló máa sọ fún èrò ẹni tí wọn yóò wò. Kí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tó dé ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà sí èyí. Láàárín ọdún 1820 sí 1830, Thomas Drummond, ẹnjiníà ará Scotland, lo ìmọ́lẹ̀ kan tó lágbára púpọ̀ láti fi wọn ilẹ̀ ní Ireland: wọ́n á fi gáàsì ọ́síjìn àti háídírójìn dáná, wọ́n á darí ọwọ́ iná náà sí òkúta lime, òkúta náà á gbóná títí á fi funfun báláú. Ní ọdún 1837, irú iná yìí dé orí ìtàgé Covent Garden nílùú London. Ẹnì kan ní láti dúró tì í, kó máa yí òkúta náà, kó sì máa darí ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé òṣèré bó ti ń rìn. Ní ọdún 1933, Joseph Levy àti Edward Kook ti ilé iṣẹ́ Century Lighting ní New York ṣe iná tí wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì pè ní Leko. Inú rẹ̀ ní dígí tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan, ó ní lẹ́ǹsì, ó sì ní abẹ irin mẹ́rin tí èèyàn lè tì wọlé láti fi gé etí ìmọ́lẹ̀ gbọọrọ, kó má bàa ta sí aṣọ ìkélé. Wọ́n tún lè ki irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lára bọ inú rẹ̀, kí òjìji ewé tàbí ti fèrèsé lè hàn lára ògiri. Iná tó ń lo lẹ́ǹsì Fresnel, èyí tí Augustin-Jean Fresnel ará Faransé ṣe fún ilé ìmọ́lẹ̀ etíkun, ní tirẹ̀ máa ń fẹ̀ tàbí há bí wọ́n bá ti gílóòbù inú rẹ̀ súnmọ́ lẹ́ǹsì tàbí fà á sẹ́yìn. Fífẹ̀, rírọ̀ etí, gígé etí, fífi òjìji ṣe bátànì: kò sí ọ̀kan nínú àwọn àtúnṣe wọ̀nyí tó wà nínú sọ́fítíwíà lónìí tí ọwọ́ èèyàn kò ti fi irin àti dígí ṣe kí kọ̀ǹpútà tó mọ àwòrán yà.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ya ohun tó ní ara yíyípo kò ronú nípa ìtàgé rárá. Ojú ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé ni wọ́n ń rò. Johann Heinrich Lambert ti fi yé àwọn onímọ̀ láti ọdún 1760, nínú ìwé rẹ̀ Photometria, pé bí ojú nǹkan bá ṣe ń yẹ̀ kúrò níwájú iná ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà ṣe ń dín kù. Ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà, Henri Gouraud fi ọ̀nà kan hàn lọ́dún 1971 tí ó mú kí àwọ̀ máa yọ́ wọ ara wọn láti igun kan dé èkejì, kí ara nǹkan má bàa rí págunpàgun mọ́. Bui Tuong Phong, ọmọ Vietnam, fi ìmọ́lẹ̀ dídán kún un nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lọ́dún 1973: bí a bá gbé kósáìnì igun kan ga sókè ní ìlọ́po-ara-ẹni, àmì dídán náà á kéré sí i, á sì mú sí i. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n iná tí gbogbo wọn lò kò ju àmì tó-tó kan nínú òfúrufú lọ, tàbí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ọ̀nà jíjìn réré bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, ibi tó wà nìkan ló lè yí padà.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ni àyípadà ti dé. David Warn, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí General Motors, gbé ìwé kan jáde níbi àpérò SIGGRAPH lọ́dún 1983 lórí bí èèyàn ṣe lè darí iná nínú àwòrán kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé iná tí kò ní àtúnṣe kankan yàtọ̀ sí ibi tó wà ń dí oníṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ṣòro láti fi í tọ́ka sí apá kan pàtó lára nǹkan. Kò lọ wo ìwé físíìsì láti wá ojútùú. Sítúdíò fọtógíráfà tó mọṣẹ́ ni ó wò, ó wo bí ẹni náà ṣe ń kọjú iná síbì kan, bó ṣe ń mú un fẹ̀ tàbí há, bó ṣe ń fi pátákó dí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá kó gbogbo rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà: iná tó ní ibi tó kọjú sí, iná tó lè kó ara jọ bíi sípọ́tì tàbí kó tàn káàkiri, àti òkòtó tàbí pátákó tó ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró níbi tí oníṣẹ́ kò bá fẹ́ kó dé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí: ìwé tó dá iná sípọ́tì sílẹ̀ nínú ìmọ̀ yìí jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lòun ti kọ́ ọ.

Ọ̀nà tí Warn gbà kó ìmọ́lẹ̀ jọ yẹ ní wíwò fínnífínní. Fọ́múlà tí Phong lò fún ìmọ́lẹ̀ dídán ló yí padà tó fi sára iná. Mú igun tó wà láàárín ibi tí iná kọjú sí àti ibi tí à ń wò, wá kósáìnì rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ ní iye ìgbà tí oníṣẹ́ bá yàn. Bí iye náà bá jẹ́ 1, ibi tó fi dìgírì 20 yẹ̀ kúrò láàárín ṣì ń gba ìdá 94 nínú 100 ìmọ́lẹ̀. Iná náà tàn kárí. Bó bá jẹ́ 10, ibẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá 54. Bó bá wá di 128, ìmọ́lẹ̀ ti tán pátápátá níbẹ̀, àní ní dìgírì 10 péré, ìdá 14 ló kù. Iye kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ ń yí, iná tó ń kárí yàrá á di iná tó ń tọ́ka sí bọ́tìnnì ẹ̀wù. Kò sí gílóòbù kan láyé tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé fọ́múlà yìí gẹ́lẹ́. Wọ́n yàn án nítorí pé ó rọrùn fún ẹ̀rọ láti ṣírò, àti pé ojú gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí lè sọ pé ìtàn mìíràn wà tó lágbára ju èyí lọ: pé òjìji ló mú kí sípọ́tì gbilẹ̀, àti pé àìlágbára kọ̀ǹpútà ló fà á. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1978, Lance Williams ti New York Institute of Technology fi ọ̀nà kan hàn láti ṣe òjìji. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ dúró síbi tí iná wà, á ya àwòrán gbogbo ohun tí iná náà rí, ṣùgbọ́n dípò àwọ̀, ìjìnnà ohun tó súnmọ́ jù ni á kọ sílẹ̀. Nígbà tó bá wá ń ya àwòrán gidi, á bi ara rẹ̀ léèrè ní ojú kọ̀ọ̀kan pé, ṣé ibí yìí jìnnà sí iná ju ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ? Tó bá jìnnà jù, nǹkan mìíràn ti dí i, inú òjìji ló wà. Àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà láti ojú iná yìí ní láti kọjú sí ibì kan, ó sì ní láti ní ààlà. Sípọ́tì ló bá a mu wẹ́kú. Gílóòbù tó ń tàn yíká máa nílò irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mẹ́fà. Nínú Blender àtijọ́, sípọ́tì nìkan ni wọ́n gbà láàyè láti ní irú òjìji yìí. Nítorí náà mo gbà pé ọrọ̀ ajé ẹ̀rọ ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa lo sípọ́tì níbi tí iná mìíràn ì bá ti tó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò wó àríyànjiyàn mi. Sítúdíò fọ́tò ni Warn tọ̀ lọ, kì í ṣe òjìji ló lé e débẹ̀, àti pé nígbà tí ẹ̀rọ lágbára tó láti ṣe òjìji fún iná gbogbo, sípọ́tì kò kúrò nílẹ̀.

Wo Luxo Jr., fíìmù kékeré tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ, tí John Lasseter darí fún Pixar lọ́dún 1986. Àtùpà orí tábìlì méjì, ńlá àti kékeré, ni òṣèré inú rẹ̀. Wọn kò ní ojú, wọn kò ní ẹnu, síbẹ̀ kò sí ẹni tó wò ó tí kò mọ ohun tí àtùpà kékeré ń wò, ìgbà tí inú rẹ̀ dùn àti ìgbà tó rẹ̀wẹ̀sì. Ìdí kan pàtàkì ni pé orí àtùpà kọ̀ọ̀kan jẹ́ iná sípọ́tì: ibi tó bá yí orí sí ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, òjìji ọ̀kan sì ń ṣubú sára èkejì. Ní ọdún 1987, William Reeves, David Salesin àti Robert Cook ṣàlàyé nínú ìwé kan bí wọ́n ṣe tún ọ̀nà Williams ṣe kí etí òjìji lè rọ̀, kó má máa rí bí eyín ayùn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ṣe ni ìtàgé gan-an: láti sọ fún òǹwòran ibi tí yóò wò.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlànà dé, tí wọ́n sọ àṣà di òfin. Ìlànà RenderMan tí Pixar gbé jáde lọ́dún 1988 ní iná sípọ́tì tirẹ̀: igun òkòtó tó bẹ̀rẹ̀ ní dìgírì 30, etí rírọ̀ tó gba dìgírì 5 nínú rẹ̀, àti iye kan tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kó jọ sáàárín, èyí tí wọ́n fi sí 2. OpenGL tẹ̀ lé e lọ́dún 1992 láti ọ̀dọ̀ Silicon Graphics, òun náà ní igun ìdádúró àti iye ìkójọ tó lè lọ láti 0 dé 128. Kò ní àtúnṣe fún etí rírọ̀, ó sì ní àbùkù kan tó da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Igun àwọn nǹkan nìkan ni ó ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ sí, ó wá ń pín ohun tó bá rí láàárín wọn. Bí ilẹ̀ yàrá bá jẹ́ igun mẹ́rin kan ṣoṣo, tí èèyàn sì tan sípọ́tì sí àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sí ọ̀kan nínú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú òkòtó ìmọ́lẹ̀, gbogbo ilẹ̀ náà á sì wà nínú òkùnkùn bí ẹni pé iná kò sí. Àfi kí wọ́n gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún igun, kí ìmọ́lẹ̀ tó lè hàn. Àwọn káàdì àwòrán tó wá ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan ló fòpin sí wàhálà yìí.

Blender, tí Ton Roosendaal bẹ̀rẹ̀ ní Netherlands lọ́dún 1994, ló mú irú iná yìí dé ọwọ́ ẹni tí kò lówó láti ra sọ́fítíwíà. Lọ́dún 2002, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dáwó 100,000 yúrò, wọ́n fi ra kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nínú Blender ayé ìgbà yẹn, bọ́tìnnì méjì ló wà fún òkòtó: SpotSi fún fífẹ̀ àti SpotBl fún etí. Lónìí, wọ́n ń pè wọ́n ní Size àti Blend, wọ́n sì fi Radius kún un. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Blend ń mú etí òkòtó ìmọ́lẹ̀ rọ̀, ìyẹn etí àyíká tó mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀. Radius ń sọ bí iná fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó, òun ló sì ń mú etí òjìji rọ̀. Ẹni tó bá ń wá òjìji rírọ̀ tó ń yí Blend kiri, òun àti òjìji rẹ̀ kò ní pàdé láéláé. Ti Size náà tún gba àkíyèsí. Blender ń wọn òkòtó láti etí kan dé etí kejì, nítorí náà òkòtó dìgírì 45 tó wà ní mítà 4 sí ilẹ̀ á fi ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 3.3 sílẹ̀. OpenGL, RenderMan àti Unreal Engine ń wọ̀n ọ́n láti àárín dé etí, ìlàjì péré. Maya ń wọn gbogbo rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 40. Dìgírì 45 nínú ọ̀kan jẹ́ 90 nínú èkejì, kò sì sí ohun tó ń sọ fún oníṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó gbèjà oníṣẹ́ jù nínú ìwé ni Ronen Barzel ti Pixar. Ní ọdún 1997, lẹ́yìn fíìmù Toy Story, ó kọ ìwé lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà darí iná nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Iná tó ṣàpèjúwe níbẹ̀ lè ní ẹnu róbótó tàbí oníhà mẹ́rin tó yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní ìjìnnà kan, kó sì kú ní ìjìnnà kejì bó ti wù kó rí. Ó lè tàn sí òṣèré kan kó má tan sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Òjìji lè ní àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì lè yọ òjìji ohun kan kúrò pátápátá. Kò fi pamọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láyé. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ń tan iná fún fíìmù ní ìtàn kan láti sọ, kí iná sì ṣe ohun tí ìtàn fẹ́. Àwọn kan yóò ní ẹ̀tàn lèyí. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó ń ya fíìmù gidi kò ṣe ohun mìíràn. Wọ́n ń fi aṣọ dúdú dí iná kó má bàa kan ògiri, wọ́n ń gbé iná síbi tí kò sí fèrèsé kí ó lè dà bí pé fèrèsé wà. Kọ̀ǹpútà kàn gbà wọ́n lọ́wọ́ irin àti okùn ni.

Àtakò tó wúwo jù lọ dé ní ọdún 2010 síwájú, nígbà tí ẹ̀rọ lágbára tó láti tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ bó ṣe ń ta láti ògiri dé ilẹ̀. Monsters University, tó jáde lọ́dún 2013, ni fíìmù ńlá àkọ́kọ́ tí Pixar ti lo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ kí ògiri pupa ta àwọ̀ rẹ̀ sára òṣèré, wọ́n ní láti fi iná pupa kékeré síbẹ̀ lọ́wọ́. Ní báyìí, ẹ̀rọ ń ṣe é fúnra rẹ̀. Àwọn kan wá ń sọ pé àwọn àtúnṣe àtijọ́ jẹ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí a kò nílò mọ́, pé kí iná máa tẹ̀ lé òfin ìṣẹ̀dá, kí ọwọ́ sinmi. Wọ́n ń tọ́ka sí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù bó ti ń jìnnà. Òfin físíìsì ni pé bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé ojú kan á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ láti lo òfin yìí, wọ́n ń yan èyí tó ń dín kù sí ìdajì, tàbí kí wọ́n má jẹ́ kó dín kù rárá, bí Maya ṣe ń bẹ̀rẹ̀ títí dòní. Ṣé àìmọ̀kan ni?

Kì í ṣe àìmọ̀kan. Ojú kọ̀ǹpútà kì í tan ìmọ́lẹ̀ ní ìbámu tààrà pẹ̀lú iye tí wọ́n fún un. Ó ń gbé iye náà sókè ní ìlọ́po-ara-ẹni nǹkan bí 2.2. Kí àṣà àtúnṣe sí èyí tó gbilẹ̀, bí sọ́fítíwíà bá ṣírò ìdá 25 nínú 100 gẹ́gẹ́ bí òfin físíìsì ṣe wí, ohun tí ojú òǹwòran ń rí kò pé ìdá 5. Ìmọ́lẹ̀ náà ń kú lójijì, ilẹ̀ iwájú á jóná funfun nígbà tí ẹ̀yìn ti ṣókùnkùn. Oníṣẹ́ tó yan kó dín kù sí ìdajì ń gba ìdá 50 nínú ìṣirò, ojú kọ̀ǹpútà sì ń sọ ọ́ di nǹkan bí ìdá 22, èyí tó súnmọ́ ìdá 25 tí òtítọ́ jẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ẹni tó ń fi ojú ṣe é, tí wọ́n ń pè ní aláìmọ̀ físíìsì, ló súnmọ́ òtítọ́ ju ẹni tó di fọ́múlà mú gírígírí lọ. Nígbà tí àtúnṣe ojú kọ̀ǹpútà di ohun tí gbogbo sọ́fítíwíà ń ṣe, ó tọ́ láti padà sí òfin ìlọ́po-méjì, mo sì wà lẹ́yìn ìyípadà náà. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni yíyan ìdajì jẹ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé ọwọ́ ń ṣìnà. Àṣìṣe ẹ̀rọ ni ọwọ́ ń tún ṣe.

Ẹ̀rí tó kù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fi físíìsì ṣe olórí gan-an. Sébastien Lagarde àti Charles de Rousiers, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ eré Frostbite, ṣàlàyé níbi SIGGRAPH ọdún 2014 bí wọ́n ṣe gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ eré wọn karí òṣùwọ̀n gidi. Nígbà tí wọ́n dé orí sípọ́tì, ìṣòro kan dìde. Nínú fìtílà gidi tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, bí òkòtó bá há, ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń fún pọ̀ sáyè kékeré, nítorí náà ó ní láti tàn sí i. Bí òkòtó dìgírì 60 bá di 30, àárín rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn ní ìlọ́po mẹ́rin. Físíìsì nìyẹn. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ tó kàn fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kan ilẹ̀kùn, tó wá fún òkòtó pọ̀ díẹ̀, á rí i pé ojú òṣèré ti funfun jù, á ní láti tún agbára ṣe, á sì máa sáré láàárín méjèèjì. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí yàn láti ya fífẹ̀ àti agbára sọ́tọ̀ kúrò lára wọn: wọ́n pín agbára iná pẹ̀lú iye kan tí kì í yí padà, bí ẹni pé wọ́n kàn fi pátákó dí ìmọ́lẹ̀ ni. Filament, ẹ̀rọ àwòrán tí Google fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2018, fi oríṣi méjèèjì síbẹ̀, sípọ́tì tí fífẹ̀ rẹ̀ kì í kan agbára àti èyí tó ń tẹ̀ lé físíìsì, kí oníṣẹ́ yan èyí tó wù ú. Ẹ̀rọ eré Unity náà ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Reflector fún irú ìyàn yìí. Àwọn tó mọ òfin ìmọ́lẹ̀ dunjú ló fi ọwọ́ ara wọn dá ìdarí padà fún oníṣẹ́.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá mu, ó sì tọ́ kí n fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Ayàwòrán ilé tó fẹ́ mọ̀ bóyá iná tí oníbàárà rà yóò tó fún yàrá ìkàwé kò wá ìtàn, òṣùwọ̀n ló ń wá. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Illuminating Engineering Society ti Amẹ́ríkà ṣe ìlànà LM-63 lọ́dún 1986, èyí tí àwọn tó ń ṣe fìtílà ń fi kọ bí ìmọ́lẹ̀ fìtílà kọ̀ọ̀kan ṣe ń tàn ní igun kọ̀ọ̀kan. Sọ́fítíwíà púpọ̀, Blender náà wà lára wọn, lè ka fáìlì bẹ́ẹ̀ kí iná inú rẹ̀ tàn bíi ti ọjà. Tí èèyàn bá ń lò ó fún irú iṣẹ́ yìí, kó jọ̀wọ́ má ti ọwọ́ bọ òkòtó. Ìwọ̀n ni iná jẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá yí i padà ti parọ́ fún ẹni tó ń sanwó.

Fún àwọn yòókù, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 sọ ọ̀rọ̀ yé. Blender 4.0 jáde, wọ́n sì fi agbára kan kún Cycles, apá rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé ìrìn ìmọ́lẹ̀ bí òfin físíìsì ṣe là á sílẹ̀ láti ọdún 2011: oníṣẹ́ lè yan àwọn ohun tí iná kan yóò tàn sí àti àwọn tí kò ní tàn sí, ó sì lè yan ohun tí yóò ju òjìji. Ohun tí Barzel kọ lọ́dún 1997 nìyí, ó padà wọlé sínú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ kó má nílò rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò yéé béèrè fún un. Ibi tí ìṣọ̀kan kò tíì sí ni òṣùwọ̀n. Fáìlì glTF, tí wọ́n fi ń gbé àwòrán 3D láti sọ́fítíwíà kan dé èkejì, ń wọn òkòtó láti àárín dé etí, ó sì ń fi káńdélà wọn agbára, nígbà tí Blender ń wọn òkòtó láti etí dé etí tó sì ń fi wáàtì wọn agbára, wáàtì ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára páálí gílóòbù. Ẹni tó bá ń gbé iná rẹ̀ jáde yóò bá ọ̀nà ìyípadà mẹ́ta tó lè yàn nínú Blender, ọ̀kan nínú wọn sì ti di èyí tí wọ́n ní kí èèyàn má lò mọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà lójú kọ̀ǹpútà bóyá ìlàjì òkòtó ni tàbí gbogbo rẹ̀, ìyẹn nìkan ì bá gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ àṣetúnṣe.